Láti Abẹ́òkúta dé Toronto: wákàtí mélòó ni ọmọ mi yóò lò lójú ọ̀nà?

Ìyá kan tó ń gbé ní Òkè-Ìléwó, ní Abẹ́òkúta, ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Ọmọ mi ọkùnrin ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní láti Èkó dé Toronto jẹ́ 8,937 kìlómítà, pé nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ti ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá ni. Èmi wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ náà yóò kúrò ní Èkó ní aago 11:15 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò sì dé Toronto ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo fi ìka kà á, kò pé wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 45 ni. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wa? Ó tún yà mí lẹ́nu pé ẹni yìí kan náà sọ pé àbọ̀ rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ kò ní gbà ju wákàtí 17 àti ààbọ̀ lọ. Ṣé ọ̀nà náà máa ń kúrú nígbà àbọ̀ ni?”

Ìyá wa, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò ọmọ. Kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni pé kí n máa ṣírò ọ̀nà, epo àti wákàtí fún ọkọ̀ òfurufú kí awakọ̀ tó gbéra, nítorí náà inú mi dùn sí ìbéèrè yín gan-an. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá ọmọ ń ka ilẹ̀. Ẹ̀yin ń ka aago ara ògiri ìlú méjì tí aago wọn kò dọ́gba. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń ka wákàtí tí ọmọ yín yóò fi wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó máa rẹ ọmọ náà tó, ti ẹni ìkẹta yìí ni kó gbà, kó sì tún fi ọ̀nà Òkè-Ìléwó sí Ìkejà kún un, nítorí pé òun náà kò kà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti bàbá rẹ̀ ṣáájú. Iye tó rí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ irú ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n tó fi jẹ́ 8,937 kìlómítà. Kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ kan pàtó ń tọ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ ni, láàárín pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà àti pápákọ̀ òfurufú Pearson ní Toronto, bí ẹni pé a na okùn lé ojú ayé láti ibì kan dé ibì kejì, tí a sì fà á kó le dáadáa. Ẹ mú ọsàn kan tí wọn kò tíì bó, ẹ fi bírò sàmì sí ojú méjì lára rẹ̀, kí ẹ sì na òwú láàárín wọn: ibi tí òwú náà bá gbà nígbà tí ẹ bá fà á le ni ọ̀nà àbùjá. Bí ẹ bá wá bó ọsàn náà, tí ẹ fẹ́ tẹ́ èèpo rẹ̀ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, yóò ya, àfi tí ẹ bá lè nà án kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ya àwòrán ayé sórí bébà ń bá jà nìyẹn láti ìgbà pípẹ́. Irú àwòrán tí Gerardus Mercator yà ní ọdún 1569, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì mọ̀ láti ilé-ìwé, na àwọn ilẹ̀ apá àríwá débi pé Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà lójú ẹni tó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi tó Greenland bí ìgbà 14.

Nítorí náà, ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láti Èkó dé Toronto lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò rò pé itòsí Sẹ̀nẹ̀gàl ni ọkọ̀ ti máa bọ́ sójú òkun. Òwú orí ọsàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba orí Burkina Faso, Mali àti Mauritania, ó sì dé etíkun aṣálẹ̀ Sàhárà, ní òkè Mauritania, kó tó fi ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Nínú ti Èkó sí Toronto, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò pé 200 kìlómítà, n kò sì ní fi í dá yín dúró pẹ́. Láàárín àwọn ìlú tó wà lápá àríwá lọ́hùn-ún ni ó ti máa ń pọ̀, ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ Los Angeles fi máa ń kọjá lórí yìnyín Greenland, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lójú fèrèsé á sì máa rò pé awakọ̀ ti ṣìnà.

Bí bàbá rẹ̀ bá tún wo ibòmíràn tó rí 5,553 tàbí 4,826, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ máìlì ti orí ilẹ̀. Ìkejì jẹ́ máìlì ti ojú òkun, tó gùn tó 1,852 mítà, tí àwa oníṣẹ́ òfurufú jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ tí a kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wọ̀n.

Ibi tí ìṣirò bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ yà bàrá ni pé ọmọ yín kò ní tọ ọ̀nà àbùjá náà rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi gba Lọ́ńdọ̀nù. Láti Ìkejà dé Heathrow, pápákọ̀ òfurufú tí yóò bà sí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó 5,000 kìlómítà, láti Heathrow dé Toronto sì tó 5,700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,700, tó fi bí 1,760 kìlómítà ju ọ̀nà àbùjá lọ. Iye tó fi jù yẹn nìkan ju àlọ àti àbọ̀ Èkó sí Kánò lójú òfurufú lọ. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ kọjú sí àríwá gbọnrangandan kó tó di pé ó yíjú sí ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni tó fẹ́ ti Abẹ́òkúta lọ Ìlaròó, ṣùgbọ́n tó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yà kí ará òun kan ní Ìsẹ́yìn.

Ibi kejì ni 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ ńlá máa ń sáré tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nígbà tó bá ti dé òkè, ní bíi kìlómítà 10 sí 12 sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ kò bẹ̀rẹ̀ lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ náà bá kúrò níbi tó ti kó èrò, ó sì parí nígbà tó bá dúró pátápátá níbi tí èrò yóò ti sọ̀kalẹ̀ ní ìlú kejì. Láàárín ìgbà yẹn ni yóò ti rìn jẹ́jẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbéra, tí yóò tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí yóò gùnkè fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò sì tún dín eré kù pátápátá nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Heathrow kò ní ju ojú ọ̀nà méjì lọ fún gbogbo ọkọ̀ tó ń bà àti èyí tó ń gbéra. Bí èrò bá pọ̀, wọn á ní kí àwọn tó ń bọ̀ máa yí po lójú òfurufú ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un, títí yóò fi kàn wọ́n. Àwọn ọlọ́kọ̀ mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ti fi ìṣẹ́jú rẹ̀ sínú tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Bí ẹ bá pín 5,000 kìlómítà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù sí wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45 tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, bí 740 kìlómítà ní wákàtí kan ni ẹ ó rí.

Ìṣirò orí kan wà tí mo máa ń fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bá béèrè: ẹ pín kìlómítà sí 800, kí ẹ wá fi ìdajì wákàtí lé e. Lọ́ńdọ̀nù yóò fún yín ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45 géérégé. Johannesburg, tó jẹ́ bí 4,500 kìlómítà láti Èkó, yóò fún yín ní wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Dubai, tó jẹ́ bí 5,900, yóò súnmọ́ wákàtí mẹ́jọ. Atlanta, tó jẹ́ bí 9,400, yóò lé ní wákàtí 12. Ẹ bi àwọn tó ti rin ìrìn wọ̀nyí, wọn yóò sọ fún yín pé kò jìnnà sí òótọ́. Bí ẹ bá wá fi wọn ọ̀nà àbùjá Toronto, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40 ni yóò gbé jáde. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ọkọ̀ kan lọ tààrà tí kò yà síbì kan, wákàtí mẹ́wàá bàbá rẹ̀ kò ní ṣeé ṣe.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ pamọ́ di ìsinsìnyí, nítorí pé òun ló fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín nípa àbọ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ igi lórí odò Ògùn nígbà òjò mọ̀ pé agbára kan náà tí ọlọ́kọ̀ fi ń wa àjẹ̀ kì í gbé e dé ibì kan náà. Bó bá ń bá omi lọ sí ìhà Èkó, omi á máa gbé e. Bó bá kọjú sí òkè odò, òógùn á bò ó, bẹ́ẹ̀ ni igi etí odò kò ní tètè kọjá lójú rẹ̀. Lókè níbi tí ọkọ̀ ńlá ń rìn, odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, odò afẹ́fẹ́, tó ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn yí ayé po, lórí àwọn ilẹ̀ bí Kánádà, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan. Ó sábà máa ń sáré ju 160 kìlómítà ní wákàtí kan lọ níbi tó bá ti le, ó sì lè kọjá 300 nígbà míràn. Ìgbà òtútù wọn, tí í ṣe àkókò ọyẹ́ tiwa, ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní Japan, Wasaburo Ooishi, ti fi bàlúùnù wọn afẹ́fẹ́ yìí nínú àwọn ọdún 1920, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Esperanto, èdè àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe kó lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ló fi kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè rí i kà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wá ń fò gíga lórí Japan ní ọdún 1944, ńṣe ni wọ́n bá afẹ́fẹ́ náà pàdé láìròtẹ́lẹ̀, tó ń gbé bọ́ǹbù wọn kọjá ibi tí wọ́n fojú sùn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ṣe ìṣirò tiyín. Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Toronto jẹ́ 5,700 kìlómítà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ níwájú ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń sáré 900 nínú afẹ́fẹ́ kò ní rìn ju 800 lọ lórí ilẹ̀, yóò sì lo bí wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ lókè. Bí afẹ́fẹ́ kan náà bá ti ẹ̀yìn wá, yóò máa rin 1,000, kò sì ní lò tó wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi ìṣẹ́jú gbígbéra àti bíbà kún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí ohun tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín: wákàtí mẹ́jọ ní àlọ, méje ní àbọ̀. Afẹ́fẹ́ 100 yẹn kì í ṣe èyí tó le. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2020, ọkọ̀ British Airways kan jẹ́ kí ìjì Ciara ti òun lẹ́yìn láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 péré nínú ìrìn tó sábà máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sí méje.

Nítorí afẹ́fẹ́ yìí ni ọ̀nà orí Òkun Àtìláńtíìkì kì í fi í dúró sójú kan. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni àwọn olùdarí òfurufú ní Gander, ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìhà Ireland àti Scotland máa ń ya ọ̀nà tuntun. Ti ọ̀sán wà fún àwọn tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì máa ń yà á kó yẹra fún odò afẹ́fẹ́ náà; ti òru wà fún àwọn tó ń bọ̀ sí Yúróòpù, wọ́n sì máa ń yà á kó bá a lọ. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ó rí i pé aago kan ọ̀sán ni yóò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà àlọ, aago 6:30 alẹ́ ni yóò sì kúrò ní Toronto nígbà àbọ̀. Ní ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, àríwá àti gúúsù ni ọkọ̀ ń kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ sì ti ń kọlù ú, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré: 6:45 àti 6:30.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ kọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ tó yà yín lẹ́nu. Wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 45 fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15 ju 17 àti ààbọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ àti àwọn ohun kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọn kó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 nínú rẹ̀. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ìjókòó: ọmọ yín yóò dúró ní Heathrow fún wákàtí mẹ́jọ nígbà àlọ, fún mẹ́rin nígbà àbọ̀. Ọ̀nà kò kúrú. Ìdúró ló kúrú.

Ẹ̀yin ló wá kàn, Ìyá wa. Wákàtí mẹ́tàdínlógún tí kò pé tí ẹ fi ìka kà ní àṣìṣe kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ẹ fi aago Èkó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi aago Toronto parí. Ayé ń yí ìwọ̀n 15 nínú 360 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, Èkó àti Toronto sì fi ìwọ̀n 83 jìnnà síra lápá ìlà àti ìwọ̀ oòrùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oòrùn tó wà ní àtàrí wa ní Abẹ́òkúta yóò lo wákàtí márùn-ún àbọ̀ kó tó dé àtàrí wọn níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀lé oòrùn tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló sọ ìyẹn di wàhálà, ará Kánádà kan tó jẹ́ ẹnjiníà ojú irin, Sandford Fleming, sì wà lára àwọn tó jà fún pípín ayé sí ẹkùn aago, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Washington ní ọdún 1884 láti fẹnu kò sí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwa náà kò bá oòrùn wa mu tán. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlà kan tó gba ẹ̀yìn Maiduguri kọjá lọ́hùn-ún, nítorí náà nígbà tí aago yín bá lu méjìlá ọ̀sán ní Òkè-Ìléwó, ó ṣì ku bí ìṣẹ́jú 46 kí oòrùn tó dé àtàrí.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago Toronto fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa, ti Lọ́ńdọ̀nù sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Tiwa kì í yí padà. Tiwọn ló máa ń yí. Toronto máa ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú; láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, wákàtí márùn-ún ló máa ń wà láàárín àwa àti wọn. Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà, á sì dá a padà ní èyí tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀wàrà, aago wọn á sì bá tiwa dọ́gba láàárín ìgbà yẹn. Ẹni tó bá rìn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọ̀kan ti yí padà tí èkejì kò tíì yí, kó ṣọ́ra; mo ti rí àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa tí èyí rú lójú.

Ọ̀nà tí kì í tan ènìyàn jẹ ni pé kí ẹ sọ gbogbo aago inú tíkẹ́ẹ̀tì di aago Abẹ́òkúta kí ẹ tó kà á. Yóò kúrò ní Ìkejà ní 11:15 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Yóò dé Lọ́ńdọ̀nù ní aago márùn-ún òwúrọ̀ tiwọn, tó jẹ́ mẹ́fà tiwa. Yóò kúrò níbẹ̀ ní aago kan ọ̀sán tiwọn, tó jẹ́ méjì tiwa. Yóò dé Toronto ní mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwọn, tó jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ Àbámẹ́ta níbí. Láti 11:15 alẹ́ dé aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kejì jẹ́ wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ ṣe ti àbọ̀ bẹ́ẹ̀: 6:30 alẹ́ ní Toronto jẹ́ 12:30 òru níbí, yóò sì dé Ìkejà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 17 àti ààbọ̀ nìyẹn.

Ẹ má ṣe bínú sí wákàtí mẹ́jọ tí yóò fi jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí kò rìn rí, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, n kò ní mú èyí tí ìdúró rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àbọ̀, ó dín owó ni, kò dín owó ni. Àkókò ọyẹ́ ni. Ìgbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo Ìkejà, awakọ̀ kì í rí iwájú dáadáa, ọkọ̀ tó yẹ kó wá gbé èrò lè lọ bà sí Accra kó máa dúró de kí ojú ọjọ́ là. Mo mọ ẹnì kan tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjì kí ó lè rí owó dín. Ọyẹ́ dá ti àkọ́kọ́ dúró fún wákàtí mẹ́ta ní Èkó, èkejì sì ti lọ kó tó débẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló rà. Tiyín jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, àwọn ni yóò wá ọkọ̀ míràn fún un. Ẹ kàn bi wọ́n ní Ìkejà bóyá ẹrù rẹ̀ yóò lọ tààrà dé Toronto, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí.

Ohun míràn wà tó lè fa ọ̀nà gùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè ṣírò ṣáájú. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba orí ilẹ̀ Niger àti Àlùjíríà kọjá kó tó dé Òkun Mẹditaréníà. Nígbà tí ìjọba ológun Niger ti òfurufú wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù Ògún ọdún 2023 títí di ọjọ́ 4 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ńṣe ni àwọn ọkọ̀ yìí ní láti yà gba ibòmíràn, kìlómítà àti wákàtí sì lé. Láti ọdún 2022 tí òfurufú Rọ́ṣíà ti di èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, Helsinki sí Tokyo tó máa ń gba bí wákàtí mẹ́sàn-án ti di bí mẹ́tàlá. Ìlú méjèèjì kò sún kúrò níbi tí wọ́n wà, iye tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ láàárín wọn kò sì yí padà.

Ó wá ku ọ̀nà tí kò sí lára tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ gbéra ní 11:15 alẹ́. Mo fẹ́ kí ọmọ náà ti wà ní Ìkejà ní aago méje àbọ̀, nítorí pé ìlà gígùn ni yóò bá níbẹ̀. Láti Òkè-Ìléwó sí Ìkejà kì í ṣe ọ̀nà jíjìn lójú àwòrán, kò tó 100 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí Ṣàngó Ọ̀tà àti Abúlé Ẹ̀gbá máa ń fojú èrò rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ lè gba Ṣíún bọ́ sí Ṣàgámù, kó wọ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Ó gùn díẹ̀ ju ti Ṣàngó lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lórí tirẹ̀ náà nígbà míràn. Ọkọ̀ ojú irin wà láti ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Ládérìn sí Agége, níbi tí Ìkejà kò ti jìnnà mọ́, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ náà bá bá tiyín mu, tí ẹrù kò sì pọ̀ jù, òun ni èmi ì bá yàn. Bí ẹ bá fẹ́ gba ojú títì, ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ẹ bá dé tètè, ẹ ó rí ibi jókòó.

Ní Toronto, wọn yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, pàápàá nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni, yóò sì dúró gba ẹrù. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún ìyẹn. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó fi ẹnu ọ̀nà yín sílẹ̀ dé ìgbà tó máa jáde sínú òtútù níbẹ̀, bí wákàtí 33 ni. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ rí lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ní aago mẹ́rin tiyín yẹn, orí òkun ni yóò wà, fóònù rẹ̀ kò sì ní lọ. Aago méjìlá òru ni kí ẹ máa retí ohùn rẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ kejì lọ, bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́jọ tiyín jẹ́ méjì ọ̀sán fún un. Bí ẹ bá sì jí ṣe àdúrà ní aago márùn-ún òwúrọ̀ tí ọkàn yín fà sí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ má pè é, nítorí aago mọ́kànlá alẹ́ ni níbẹ̀, ó sì lè ti sùn.